Yọ Ọ́ Kí O Tó Kọ Ọ́: Bí A Ṣe Ń Dín Ẹrù Image Linux Kù fún Àwọn Ẹ̀rọ Kéékèèké

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá dá lórí àwọn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà wà nínú wọn ṣùgbọ́n tí a kì í pè ní kọ̀ǹpútà: router tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, kámẹ́rà ìṣọ́ ẹnu géètì, àpótí tẹlifíṣọ̀n, àti irú wọn mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé Linux ni ó ń darí wọn. Linux náà sì máa ń wọ inú wọn gẹ́gẹ́ bí odidi kan tí a ń pè ní image: kernel tí í ṣe ọkàn Linux, àwọn ètò, àti fáìlì gbogbo, tí a dì pọ̀ tí a sì kọ sínú flash, ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú image yẹn ni àwọn package wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí a kò lè ṣe kí a máà ní. Àwọn kan wà níbẹ̀ nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ kó o jọ kò mọ ẹni tí yóò lò ó, ó sì fi ohun gbogbo sí i kí ó lè bá gbogbo ayé mu.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé ohunkóhun tí a bá fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ láìlò ó, a ti gbà láti máa ṣọ́ ọ títí ẹ̀rọ náà yóò fi kú. Nítorí náà, kí image tó wọ inú flash ni ó yẹ kí a ti yọ ọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ó sì mọ àwọn tó gbára lé e.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀

Ìṣẹ́ àyè ló bí ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1995, Bruce Perens, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Debian, irú Linux kan, nígbà náà, ń wá ọ̀nà tí gbogbo irinṣẹ́ tí ènìyàn nílò láti gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà yóò fi gba inú disk pẹlẹbẹ ẹyọ kan. Disk náà kò gbà ju 1.44MB lọ. Ó kó àwọn àṣẹ kéékèèké bíi ls, cp àti mount pọ̀ sínú ètò ẹyọ kan tó ń dáhùn sí orúkọ púpọ̀, ó sì sọ ọ́ ní BusyBox. Disk pẹlẹbẹ ti kásẹ̀ ńlẹ̀, ṣùgbọ́n BusyBox ṣì wà nínú àìmọye router títí di òní.

Lẹ́yìn èyí ni router WRT54G dé. Linksys gbé e jáde ní ìparí ọdún 2002. Nígbà tó di ọdún 2003, àwọn ènìyàn ti rí i pé Linux ló wà nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL tí Linux ń lò sì sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ tó bá ń pín irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó fi kóòdù rẹ̀ lélẹ̀. Linksys fi í lélẹ̀ lọ́dún náà. Láti inú kóòdù yẹn ni OpenWrt, Linux tí a ṣe fún router, ti dìde ní ọdún 2004, òun sì ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ lónìí, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí ohun gbogbo tí mo bá sọ.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí WRT54G lẹ́yìn náà. Ní ìparí ọdún 2005, ẹ̀dà karùn-ún jáde pẹ̀lú 2MB flash àti 8MB RAM péré, wọ́n sì yọ Linux kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi ètò mìíràn tí ń jẹ́ VxWorks rọ́pò. Fún àwọn tó ṣì fẹ́ Linux, wọ́n tún ṣe WRT54GL, tó ní 4MB flash àti 16MB RAM. Àyè flash àti RAM tó yàtọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ méjèèjì yìí ni ó pinnu irú ètò tí yóò máa darí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àyè ṣe níye lórí tó nínú iṣẹ́ yìí.

Ìṣirò inú flash 4MB

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ kan kí a tú u wò dáadáa. TP-Link TL-WR841N, ẹ̀dà kẹsàn-án, jẹ́ router kékeré olówó pọ́ọ́kú tó tàn káàkiri ayé. Flash rẹ̀ jẹ́ 4MB, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 32MB.

4MB ni 4,096KB. A kò ní gbogbo rẹ̀ láti lò. 128KB àkọ́kọ́ jẹ́ ti U-Boot, ètò tó ń jí ẹ̀rọ tí a bá tan iná sí i. 64KB tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti apá kan tí wọ́n ń pè ní ART, níbi tí ilé iṣẹ́ kọ ìdíwọ̀n rédíò Wi-Fi ẹ̀rọ náà gan-an sí. Kò sí ẹ̀rọ méjì tí ti wọn dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá pa á rẹ́ láìní ẹ̀dà rẹ̀ nípamọ́, Wi-Fi ẹ̀rọ náà kò ní ṣe dáadáa mọ́. Tí a bá yọ méjèèjì kúrò, ó ku 3,904KB.

Inú 3,904KB yìí ni kernel àti gbogbo package yóò ti jókòó, síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ lò ó tán. Ẹ̀rọ náà nílò àyè tí yóò máa kọ ìṣètò tirẹ̀ sí: orúkọ Wi-Fi, ọ̀rọ̀ aṣínà, àdírẹ́sì. JFFS2 ni ó ń tọ́jú apá yẹn, JFFS2 kò sì ní gbà láti ṣiṣẹ́ bí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò bá tó márùn-ún. Níbi tí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bá ti jẹ́ 64KB, márùn-ún jẹ́ 320KB. Ẹ yọ ọ́ kúrò: ó ku 3,584KB fún kernel àti ohun gbogbo.

Bí image bá tóbi ju èyí lọ díẹ̀, ó ṣì lè gba inú flash, ẹ̀rọ á tàn, Wi-Fi á sì yọjú. Ẹni tó ni ín á rò pé ohun gbogbo ti dára. Ó di ìgbà tí iná bá lọ tí ó sì dé kí ó tó rí i pé gbogbo ìṣètò òun ti pòórá, nítorí pé inú RAM ni ẹ̀rọ náà ti ń kọ wọ́n nígbà tí kò rí àyè nínú flash. Ó lè máa bá ẹ̀rọ jà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìmọ̀ pé package kan tí kò wúlò fún òun ló fa gbogbo wàhálà náà.

Ìdí tí yíyọ lẹ́yìn kò fi ń gba àyè padà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á kọ image tó wà nílẹ̀ sínú router, wọ́n á wọlé, wọ́n á wá máa pàṣẹ fún opkg pé kí ó yọ èyí, kí ó yọ tọ̀hún. Opkg ni OpenWrt fi ń bójú tó package fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹ̀dà tuntun ti ń lo apk. Opkg á dáhùn pé òun ti yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá wo àyè tó ṣẹ́ kù, wọ́n á rí i pé kò pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn, ó tún dín kù díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe to flash náà ló fà á. Àwọn package tó bá image wọlé wà nínú SquashFS, tí a fún pọ̀ gidigidi tí a sì sé mọ́: a lè kà á, a kò lè kọ nǹkan kan sí i, a kò sì lè pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ apá JFFS2 tí a lè kọ nǹkan sí lé, ẹ̀rọ á sì fi méjèèjì hàn wá bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Tí a bá ní kí fáìlì kan kúrò, SquashFS kò ní yí padà. Ohun tí ẹ̀rọ á ṣe ni pé yóò kọ àmì kékeré kan sínú apá òkè pé a kò fẹ́ rí fáìlì yẹn mọ́. Bí ìgbà tí ènìyàn bá lẹ bébà mọ́ orí ìlà kan nínú ìwé tí a ti tẹ̀ jáde ni: ojú kò rí ìlà náà mọ́, ṣùgbọ́n ìwé kò fẹ́lẹ́ sí i, bébà tí a lẹ̀ ló tún fi kún un.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé kí a yọ ọ́ kí a tó kọ ọ́. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti di image tán, ó ti di ará ilé. Bí a bá fẹ́ lé e jáde, a ní láti di image tuntun.

Bí a ṣe ń yọ ọ́ kí ó tó wọlé

OpenWrt ti ṣe irinṣẹ́ kan fún iṣẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ni Image Builder. Kò béèrè pé kí a máa kọ kóòdù C. Àwọn package tí wọ́n ti ṣe tán ni ó ń kó jọ, tí ó sì ń dì wọ́n ní image. Kọ̀ǹpútà tó ní Linux, íntánẹ́ẹ̀tì, àti sùúrù ti tó fún un.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a pàṣẹ pé make info. Ó máa to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí Image Builder yẹn mọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú àwọn package tí yóò fi sínú wọn bí a kò bá sọ nǹkan kan. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Iye àwọn ènìyàn tó ti ń lo router fún ọdún mẹ́wàá láìka ohun tó wà nínú rẹ̀ rí pọ̀ jọjọ.

Lẹ́yìn náà ni a ó wá kọ àṣẹ gan-an:

make image PROFILE="tplink_tl-wr841-v9" PACKAGES="-ppp -ppp-mod-pppoe"

PROFILE ni orúkọ ẹ̀rọ. Inú PACKAGES ni a ń kọ ohun tí a fẹ́ fi kún un sí, àti ohun tí a kò fẹ́, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, a yọ ppp àti ẹ̀ka rẹ̀ tó wà fún PPPoE. PPPoE ni àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ń lò láti mọ oníbàárà wọn, pàápàá àwọn tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù wọlé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé SIM 4G ni wọ́n fi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, router kékeré náà á kàn gba àdírẹ́sì rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ 4G nípasẹ̀ DHCP. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò fi ppp ṣe ohunkóhun. Ẹni tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá fún ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà PPPoE kò gbọdọ̀ yọ ọ́ ní tirẹ̀.

Ohun kejì tí a lè gbé yẹ̀ wò ni LuCI, ojú ìwé tí a fi ń ṣètò router láti inú browser. Ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí kò mọ àṣẹ kíkọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń bójú tó router tó pọ̀ fún ilé ìwé tàbí ilé ìjọsìn, tí ó ń fi SSH kọ àṣẹ sí gbogbo wọn láti òkèèrè, LuCI àti uhttpd tó ń gbé e jáde lè lọ. Ìyàtọ̀ kan wà níbí tó yẹ kí a mọ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́, tí a bá ní kí opkg yọ luci nìkan, àwọn tí luci fà wọlé á ṣì jókòó síbẹ̀. Nínú Image Builder, tí a bá ti kọ -luci, àwọn tó jẹ́ pé tìtorí luci nìkan ni wọ́n fi ń bọ̀ kò ní wọlé rárá.

Tí a bá fẹ́ mọ ohun tó kù, a ó pàṣẹ pé make manifest. Ó máa kọ orúkọ package kọ̀ọ̀kan tí yóò wà nínú image àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn. Bí a bá gbọ́ lọ́la pé àléébù kan wà nínú package kan, inú rẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Image Builder ní ààlà o. Kò lè fọwọ́ kan kernel. Bí a bá yọ odhcp6c, tó ń gba àdírẹ́sì IPv6, IPv6 fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú kernel, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ sí. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní láti gba gbogbo kóòdù OpenWrt, kí ó sì kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀. Ìyẹn ń gba wákàtí púpọ̀ àti àyè disk púpọ̀. Kò sì sí ìdí láti dé ibẹ̀ nígbà tí Image Builder bá ti ṣe ohun tí a fẹ́.

Ta ló gbára lé ta?

Package tó dá dúró kò pọ̀. Ètò kan á nílò òmíràn, òmíràn á nílò ẹ̀kẹta. Bí a bá kọ -uhttpd tí a sì fi luci sílẹ̀, luci yóò tún fà á wọlé, tàbí kí iṣẹ́ náà kọ̀ láti parí. Kì í ṣe pé irinṣẹ́ náà ń ṣe agídí. Ohun méjì tó tako ara wọn ni a béèrè. Nítorí náà, kí a tó yọ package, a ní láti kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń lò ó. Opkg ní àṣẹ whatdepends fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ewu tó jù kì í ṣe ibi tí irinṣẹ́ ti máa kìlọ̀ fún wa. Ibi tí kò ti ní kìlọ̀ ni. Dnsmasq ni ó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé, òun náà ló sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè ibi tí ojú ìwé kan wà. Bí a bá yọ ọ́, image á parí láìsí àríwísí, router á tàn, ṣùgbọ́n fóònù tó bá sún mọ́ ọn kò ní rí àdírẹ́sì gbà. Dropbear ni ilẹ̀kùn SSH. Bí a bá yọ òun àti LuCI pa pọ̀, a ti ti ara wa mọ́ta. Wpad ni ó ń fi ààbò WPA sórí Wi-Fi. Bí kò bá sí i, Wi-Fi tí a ṣètò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní gbéra. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta yìí tí Image Builder máa bá wa jà lé lórí, torí pé kò mọ ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Àwa ló yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n kì í fi í yọ ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Yọ méjì, kọ image náà sínú ẹ̀rọ tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò, so fóònù mọ́ ọn, pa á, tan án padà, wò ó bóyá ìṣètò rẹ̀ dúró. Bí ó bá dára, yọ méjì mìíràn. Ẹni tó bá yọ mẹ́wàá tí ẹ̀rọ sì kọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Kí a sì ti mọ ọ̀nà àbọ̀ kí a tó lọ. TL-WR841N ẹ̀dà kẹsàn-án ní ọ̀nà ìgbàlà kan: so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà, fún kọ̀ǹpútà náà ní àdírẹ́sì 192.168.0.66, tan ètò TFTP lórí rẹ̀, fi image sí i pẹ̀lú orúkọ wr841nv9_tp_recovery.bin, kí o wá tẹ bọ́tìnì reset mọ́lẹ̀ bí o ṣe ń tan router. U-Boot á fúnra rẹ̀ wá a lọ. Ẹ ṣe é wò nígbà tí ẹ̀rọ ṣì dára, kó lè mọ́ yín lọ́wọ́ dọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, nítorí iná wa, ẹ má ṣe kọ nǹkan sínú flash láìjẹ́ pé router àti kọ̀ǹpútà wà lórí bátìrì tàbí inverter. Bí iná bá lọ láàárín kíkọ, image yóò kù sí ìdajì, ọ̀nà ìgbàlà yìí nìkan ni yóò sì ṣẹ́ kù fún yín.

Ọ̀nà Buildroot àti ọ̀nà Yocto

Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ tuntun láti ìpìlẹ̀ kì í sábà lo OpenWrt. Buildroot tàbí Yocto ni wọ́n ń lò, ojú tí méjèèjì sì fi ń wo ọ̀rọ̀ yíyọ yàtọ̀ síra.

Ní ti Buildroot, òfìfo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó ṣí àkójọ, a ó mú ohun tí a fẹ́, ohun tí a kò mú kò ní sí níbẹ̀. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀: bí a bá ti kọ́ image kan tán, tí a wá padà lọ pa àmì tó wà níwájú package kan rẹ́, tí a sì tún kọ́ ọ, fáìlì package yẹn ṣì máa wà nínú image tuntun. Buildroot kì í tọ ipasẹ̀ ohun tó ti kó sílẹ̀ láti wá kó o kúrò. Ìwé ìtọ́ni rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé àtúnkọ́ pátápátá ló kù, ìyẹn make clean all. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé àwọn ti yọ nǹkan, tí nǹkan náà sì wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà.

Yocto, tí Linux Foundation bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ní ọ̀nà púpọ̀, ibi tí ẹnu wọn sì dé yàtọ̀. IMAGE_INSTALL:remove ń pa orúkọ rẹ́ kúrò nínú ohun tí a béèrè fún, ṣùgbọ́n bí package mìíràn bá gbára lé e, yóò gba ẹ̀yìn wọlé. PACKAGE_EXCLUDE le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹnikẹ́ni bá nílò ohun tí a kọ sínú rẹ̀, iṣẹ́ á dúró, á sì sọ fún wa. BAD_RECOMMENDATIONS wà fún àwọn tí package kan kàn dámọ̀ràn láìjẹ́ pé dandan ni. Èyí tó ń jin jù ni DISTRO_FEATURES. Bí a bá yọ x11, tó wà fún àwòrán ojú ẹ̀rọ, níbẹ̀, gbogbo package tó mọ x11 ni a ó kọ́ láìsí i, okùn tí ì bá fà á wọlé á já láti gbòǹgbò. Ó sàn kí a gé okùn ju kí a máa lé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kiri.

Ohun tí a kò lò ni olè ń bá wọlé

Títí di ìsinsìnyí, àyè ni mo ti ń sọ. Ẹnìkan lè sọ pé flash ti pọ̀ nísinsìnyí, ẹ̀rọ tuntun ń ní 128MB, kí ló tún kù tí a ń yọ? Ààbò ló kù, òun ló sì tóbi jù.

Ní ọdún 2016, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn: ó ń kan ilẹ̀kùn telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń wọ inú ẹ̀rọ láti òkèèrè, lórí port 23 àti 2323, ó sì ń dán nǹkan bí 60 orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fi sínú ẹ̀rọ wò. Kámẹ́rà àti router ló ń kó. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n lo irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń dáhùn ìbéèrè orúkọ fún ọ̀pọ̀ ojú ìwé ńlá, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò lè dé fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó ra kámẹ́rà kò lo telnet rí. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì nílò ẹnu ògiri yẹn rárá.

Ẹ tún wo ti ọdún 2024. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Microsoft tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, kéde pé wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú xz, ètò tí a fi ń fún fáìlì pọ̀, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ohun tó jẹ́ kí ó fura ni pé wíwọlé pẹ̀lú SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. OpenSSH fúnra rẹ̀ kò lo xz. Àwọn tó ń di Linux irú Debian àti Fedora ló so OpenSSH mọ́ libsystemd, kí ó lè máa sọ fún systemd, ètò tó ń jí àwọn ètò yòókù, nígbà tó bá ti ṣetán. Libsystemd ló wá fa liblzma, tí í ṣe ti xz, wọlé tẹ̀lé e. Okùn tí iṣẹ́ SSH kò béèrè fún yẹn gan-an ni ẹni ibi náà gbà. Router tó ń lo Dropbear láìsí systemd kò ní okùn náà rárá.

Òfin ìjọba pàápàá ti ń dé ibẹ̀. Ní Bìrìtìkó, láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òfin kò gba ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ tó ń so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin Cyber Resilience Act ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ojúṣe rẹ̀ tó pọ̀ jù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2027. Ó ń béèrè pé kí olùṣe ẹ̀rọ dín ojú ibi tí a lè gbà kọlu ẹ̀rọ kù, kí ó sì ní àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá ń kọ́ ẹ̀rọ nílùú Ìbàdàn tàbí Kọ̀tọnú lónìí, tó sì fẹ́ tà á ní Yúróòpù lọ́la, òfin yìí kàn án.

Ohun tí kò yẹ kí a yọ

Ẹ má gbọ́ mi pé kí a máa yọ ohun gbogbo. Àwọn kan wà tó dà bí ẹni pé wọn kò ṣe nǹkan, àfi ọjọ́ tí a bá nílò wọn. Ca-bundle jẹ́ kìkì àkójọ ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe ètò rárá. Bí a bá yọ ọ́ láti fi jèrè àyè, ẹ̀rọ náà kò ní lè dá ojú ìwé tòótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú nígbà tó bá ń gba àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí sysupgrade nílò láti kọ image tuntun. Ẹ̀rọ tí a kò lè tún ṣe mọ́ léwu ju ẹ̀rọ tí ẹrù pọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Òtítọ́ kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ń tún router ṣe. Yíyọ package kò lè gba gbogbo ẹ̀rọ là. Ọ̀wọ́ 19.07 ni ó kẹ́yìn tí OpenWrt fi ti àwọn ẹ̀rọ tó ní 4MB flash àti 32MB RAM lẹ́yìn, àtúnṣe rẹ̀ sì dópin ní ọdún 2022. TL-WR841N tí mo fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan wà lára wọn. Mo lò ó nítorí pé ó dára fún kíkọ́ iṣẹ́, kò dára mọ́ láti fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra router fún OpenWrt lónìí, kí ó wá èyí tó ní 16MB flash àti 128MB RAM ó kéré tán, kí ó sì tún yọ ohun tí kò lò níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin olùkọ́, ìmọ̀ yìí kò béèrè yàrá ìmọ̀ olówó ńlá. Router àtijọ́ kan, kọ̀ǹpútà kan, wáyà kan, àti Image Builder tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti tó láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí kernel jẹ́, ohun tí fáìlì jẹ́, bí ètò ṣe ń gbára lé ètò, àti ìdí tí ààbò fi ń ti inú bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ppp tó sì rí i pé ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, tó yọ dnsmasq tó sì rí i pé fóònù kò so mọ́ ọn mọ́, ẹnikẹ́ni kò tún ní láti ṣàlàyé fún un ohun tí ìgbáralé jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹ̀rọ wọlé, tí ẹ ń ta kámẹ́rà tàbí router fún ará ìlú, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín: kí ló wà nínú rẹ̀? Ǹjẹ́ telnet wà níbẹ̀? Ta ni yóò máa fún un ní àtúnṣe, títí di ọdún wo? Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹrù tí kò ní olùṣọ́ ni ẹ ń gbé wọ ilé oníbàárà yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tiyín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Kí package kọ̀ọ̀kan tó wọ inú image yín, kí ẹnìkan nínú yín lè dìde sọ iṣẹ́ tó wá ṣe. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá lè jẹ́rìí fún, ẹ má jẹ́ kí ó wọlé. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wọlé sílẹ̀, ẹ máa fi àkọsílẹ̀ náà wé ìròyìn àléébù lóṣooṣù, kí ẹ sì ṣe tán láti di image tuntun nígbàkúgbà tí ọ̀ràn bá kàn án. Iṣẹ́ yìí kì í tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ ni yóò lè máa ṣe é lọ.